Níbo Ni Ìdáhùn Ará Mile 12 Ń Lọ?

Ní ọdún 2006, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ka àwa ará ìjọba ìbílẹ̀ Kosofe ní Èkó. Ìjọba àpapọ̀ kà wá, wọ́n ní a lé díẹ̀ ní 665,000. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó náà kà wá, wọ́n ní a lé ní 934,000. Èèyàn kan náà ni o, láàárín ọdún kan náà, láti Ògùdù dé Kétu, láti Ìkòsí dé Àgbóyì. Ti gbogbo Èkó lápapọ̀ tún wá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: 9,113,605 ni Àbújá kéde, 17,552,942 ni Alausa kéde. Ohun tó wà láàárín iye méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó odidi Èkó mìíràn.

Títí dòní, bí ọ̀rọ̀ náà bá délẹ̀ níbi tí àwọn èèyàn ti ń ta ayò, kálukú á gbè sẹ́yìn ìjọba tó bá wù ú. Èmi kì í dá sí i. Kì í ṣe pé n kò ní èrò tèmi, kò kàn sí ohun tí mo lè fi tì í lẹ́yìn ni. Àròpọ̀ ni wọ́n gbé jáde fún wa. Ìwé tí wọ́n gbé kiri ojúlé, bí wọ́n ṣe pín àdúgbò, ilé tí wọ́n kàn tí kò sẹ́ni nílé, àwọn tó kọ̀ tí wọn ò dáhùn, gbogbo ìyẹn kò sí níbi tí olùkọ́ ìṣirò kan ní Kétu ti lè gbé e kalẹ̀ kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí wọ́n bá fún ní àròpọ̀ nìkan, kó gbàgbọ́ tàbí kó má gbàgbọ́ ló kù sí i lọ́wọ́.

Iṣẹ́ mi ni kì í jẹ́ kí n gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí. Ṣọ́ọ̀bù kékeré ni mo ní nítòsí Ìkòsí Road, níbi tí mo ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì àti ti pọ́lì tú ìwádìí wọn palẹ̀. Wọ́n á kó ìwé ìbéèrè tí àwọn èèyàn ti dáhùn wá, òjò ti pa òmíràn, epo ti kán sí òmíràn. Èmi á tẹ ìdáhùn náà sínú Excel lọ́kọ̀ọ̀kan, màá gbé e sínú SPSS, màá yọ táábù àti ìdá ọgọ́rùn-ún jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ á gbà á, á fi kọ Chapter Four, wọ́n á fi awọ líle di ìwé náà, wọ́n á fi lẹ́tà aláwọ̀ góòlù kọ orúkọ rẹ̀ sára ẹ̀yìn. Ó parí nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa ń padà wá béèrè ìdáhùn tútù tí a tẹ̀ sínú Excel.

Ìwé ìbéèrè fúnra rẹ̀ sì ní ibi tó ń lọ. Mo ra ẹ̀pà rí lẹ́bàá títì ní Kétu, ìwé ìbéèrè ni wọ́n fi dì í. Ẹni tó dáhùn ìbéèrè náà ti fi báírò fa igi gbọọrọ sí iwájú "mo fara mọ́ ọn gidigidi". Ohun tó fara mọ́ gidigidi yẹn, n kò mọ̀ ọ́n, torí pé apá ibẹ̀ ni oníṣòwò ti ya lọ.

Ọjà Mile 12 ni ọ̀pọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń lọ, kò sì yà mí lẹ́nu. Ó sún mọ́ wa, gbogbo Èkó ló sì ń jẹ láti ibẹ̀. Tòmátì, ata rodo, tàtàṣé, àlùbọ́sà, iṣu, ibẹ̀ ni tírélà ti ń já wọn kalẹ̀ kí wọ́n tó fọ́n ká sí ọjà kéékèèké. Bí ọdún bá ti yí po, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun á tún dé pẹ̀lú ìbéèrè tí àwọn ẹ̀gbọ́n wọn ti béèrè: Báwo lẹ ṣe ń kó ọjà? Mélòó ló ń bàjẹ́ lọ́nà? Ta ní ń yá yín lówó? Ìyá aláta kan tí mo máa ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ wo ọmọbìnrin kan láti òkè délẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní: "Ọmọ mi, èyí tí mo sọ fún àwọn tó wá níjẹta ńkọ́? Ṣé wọ́n ti jẹ ẹ́ tán ni?" Ọmọ náà ní, "Ẹ má bínú mà, tiwa yàtọ̀ ni." Kò yàtọ̀. Mo mọ̀, torí pé ọwọ́ mi ni ìwé àwọn tó wá níjẹta gbà kọjá.

Tí ìyá yìí bá mọ̀ pé ohun tóun sọ níjẹta wà níbì kan, tí ọmọbìnrin náà lè rí i kó tó jáde nílé, ó lè máa béèrè ohun tó kù tí a kò tíì mọ̀. Èyí ni gbogbo ọ̀rọ̀ àká ìwádìí tí àwọn onímọ̀ ń pariwo rẹ̀ káàkiri àgbáyé. Kí ẹni tó bá ṣe ìwádìí kó ìdáhùn tútù náà síbi kan tó wà fún gbogbo èèyàn, kó fi nọ́ńbà tí kò ní yí padà sí i lára, kó kọ bí wọ́n ṣe lè lò ó, kí ẹlòmíràn lè bá a níbẹ̀ lẹ́yìn ogún ọdún. UNESCO fọwọ́ sí i ní oṣù kọkànlá ọdún 2021 pé ọ̀nà tó yẹ kí gbogbo orílẹ̀-èdè máa tọ̀ nìyẹn. Ó dùn-ún gbọ́. Iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ ni wọn kì í sọ tó.

Ẹ jẹ́ ká mú apẹ̀rẹ̀ tòmátì. Mo ní fáìlì kan tí wọ́n kọ "iye apẹ̀rẹ̀ kan" sí lórí, tí owó sì tò tẹ̀ léra wọn lábẹ́ rẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ wo? Apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n hun ní Kánò kò rí bí èyí tó wá láti Gombe, ńlá wà, kékeré sì wà. Ó tún ku wákàtí. Iye tí wọ́n ń pe tòmátì nígbà tí tírélà ṣẹ̀ṣẹ̀ já a ní ìdájí kọ́ ni wọ́n ń pè é bí oòrùn bá ti wọ̀ ọ́ lára tó ti ń rọ̀. Tòmátì Hausa ni àbí tòmátì Yorùbá? Oníbàárà tí wọ́n mọ̀ ni àbí ẹni tó kàn ń kọjá lọ? Akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ owó yẹn sílẹ̀ mọ ìdáhùn gbogbo ìbéèrè wọ̀nyí lọ́jọ́ náà, ó wà lórí rẹ̀. Kò kọ ọ́ sílẹ̀, ó ti gba ìwé ẹ̀rí, ó ti lọ sí Kánádà. Fáìlì náà wà lọ́wọ́ mi, mo lè ṣí i fún gbogbo ayé lónìí, kò sì ní wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Kóńgò náà ńkọ́? Ẹni tó bá ń ra gààrì lọ́jà mọ̀ pé kóńgò kan kò tó kóńgò kejì, pàápàá èyí tí wọ́n ti fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú. Bí wọ́n bá kọ kóńgò sínú ìwádìí tí wọn kò sọ irú èyí tí wọ́n wọ̀n, a kàn kó nọ́ńbà jọ lásán ni.

Kò sì yẹ kí n máa sọ̀rọ̀ bíi pé kò sẹ́ni tó rí èyí rí ní Nàìjíríà. Láti ọdún 2010 ni àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè wa, NBS, àti Báǹkì Àgbáyé ti ń ṣe ìwádìí kan tí wọ́n fi ń tọpa nǹkan bí 5,000 agboolé káàkiri Nàìjíríà. Nínú rẹ̀, wọn ò fi dandan mú ìyá ilé pé kó dá kílò mọ̀. Kóńgò tó fi wọ̀n ni wọ́n kọ, mudù ni wọ́n kọ, dérícà ni wọ́n kọ, wọ́n wá gbé táábù mìíràn tì í tó ń sọ iye kílò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Orúkọ àwọn agboolé kò sí níbẹ̀, ìdáhùn wọn wà. Ọmọ Ìkòsí tó bá ní íntánẹ́ẹ̀tì lè forúkọ sílẹ̀, kó gbé gbogbo rẹ̀ wá sílé lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ti fi kọ́ àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, ẹnu sì máa ń yà wọ́n pé ìjọba wa ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀. NBS kan náà ń gbé iye owó oúnjẹ jáde lóṣooṣù, ó dára, àmọ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo ni gbogbo Èkó jẹ́ níbẹ̀, kílò ni wọ́n sì fi ń kà á. Ní Mile 12, ta ló ń ta tòmátì ní kílò?

Ohun tí kò sí nínú táábù máa ń ṣe pàtàkì tó èyí tó wà níbẹ̀. Ká ní ẹnì kan kọ iye tòmátì Mile 12 sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní gbogbo ọdún 2016. Yóò ní àlàfo lóṣù kẹta, nítorí rògbòdìyàn ṣẹlẹ̀ nínú ọjà, ìjọba Gómìnà Àḿbọ̀dé sì tì í pa fúngbà díẹ̀. Nígbà tó bá fi máa di oṣù karùn-ún, iye náà á fò sókè bíi pé ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ti sùn lọ lórí kọ̀ǹpútà, torí pé kòkòrò Tuta absoluta, tí àwọn èèyàn pè ní Ẹbólà tòmátì, ti jẹ oko run ní Kàdúná débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ náà kéde pàjáwìrì. Ẹni tó bá gba fáìlì yẹn ní 2040, tí kò bá àlàyé kankan níbẹ̀, ohun tó máa kọ́kọ́ ṣe ni pé á pa àwọn iye ńlá wọ̀nyẹn rẹ́ pé àṣìtẹ̀ ni, á sì fi ìṣirò dí àlàfo oṣù kẹta. Yóò ti pa ìtàn ọdún náà rẹ́ tán, iṣẹ́ rẹ̀ á sì mọ́ rekete. Mo ti rí àwọn tí wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì gba máàkì A.

Àwa Yorùbá gan-an wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ dátà wọn sílẹ̀ fún gbogbo ayé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ nínú wa ló mọ̀. Ní ọdún 2002, àwọn onímọ̀ láti Amẹ́ríkà, Kánádà, Ṣáínà, Jàpáànù, Nàìjíríà àti Ìlú Ọba bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní International HapMap Project, láti mọ àwọn ibi tí àbùdá inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ènìyàn ti yàtọ̀ síra wọn. Ẹ̀jẹ̀ èèyàn 270 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: àwọn ará Utah, àwọn ará Beijing, àwọn ará Tókyò, àti 90 èèyàn ní Ìbàdàn, ìdílé 30, bàbá, ìyá àti ọmọ kan tó ti dàgbà. Charles Rotimi àti Clement Adébámowò wà lára àwọn tó darí iṣẹ́ ti Ìbàdàn. Wọ́n bá àwọn ará àdúgbò jókòó kí abẹ́rẹ́ tó kan ẹnikẹ́ni lápá, wọ́n ṣàlàyé fún wọn pé kò ní sí orúkọ wọn níbẹ̀ ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá rí nínú ẹ̀jẹ̀ náà yóò wà ní gbangba fún gbogbo ayé. Wọ́n yan ìgbìmọ̀ kan láàárín àwọn ará àdúgbò tí yóò máa gbọ́ ìròyìn ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Ilé iṣẹ́ Coriell ní Camden, ní ìpínlẹ̀ New Jersey, ni sẹ́ẹ̀lì wọn wà títí di òní. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2004, ẹnikẹ́ni lè gba dátà náà láìtọwọ́ bọ ìwé kankan.

Ohun tó wú mi lórí jù nínú iṣẹ́ yẹn jẹ́ ìkìlọ̀ kékeré kan. Àwọn tó ṣètò rẹ̀ sọ fún gbogbo olùwádìí pé, tí wọ́n bá fẹ́ mẹ́nu ba àwọn 90 yìí, kí wọ́n má ṣe kọ pé "ará Áfíríkà", kí wọ́n má sì kọ "Yorùbá" lásán. Kí wọ́n kọ "Yorùbá ní Ìbàdàn, Nàìjíríà", tí wọ́n gé kúrú sí YRI. Ìdí ni pé èèyàn 90 láti ìlú kan kò lè dúró fún gbogbo ọmọ Oòduà láti Kétu ti Bẹ̀nẹ̀ títí dé Kétu tiwa níhìn-ín, ká má tíì wá sọ gbogbo Áfíríkà. Irú ìṣọ́ra yìí gan-an ni fáìlì apẹ̀rẹ̀ tòmátì mi kò ní.

Mo sì ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò lórí YRI náà o. Láti 2005 tí àbájáde àkọ́kọ́ ti jáde nínú ìwé Nature, àìmọye iṣẹ́ ni wọ́n ti fi dátà yẹn ṣe ní Harvard, ní Cambridge, ní Tókyò. Kò burú, ohun tí wọ́n ṣí i fún nìyẹn. Àmọ́ ẹ lọ bi ẹni tó ń ta búrẹ́dì ní Ìbàdàn bóyá ó gbọ́ YRI rí. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, ẹni tó ní mọ́tò ló kọ́kọ́ wọlé. Nígbà tí kọ̀ǹpútà, iná àti owó íntánẹ́ẹ̀tì kò dọ́gba, ohun tí gbogbo ayé ni kì í dọ́gba lọ́wọ́ gbogbo ayé.

Ìbẹ̀rù tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn olùkọ́ yunifásítì nìyẹn tí mo bá sọ pé kí wọ́n gbé dátà wọn síta. "Wọ́n á gbà á, wọ́n á kọ àpilẹ̀kọ lé e lórí, wọn ò sì ní rántí wa." Kì í ṣe ìlara, ohun tí wọ́n ti rí ni wọ́n ń sọ. Àwọn tó dá H3Africa sílẹ̀, iṣẹ́ àbùdá àwọn ará Áfíríkà tó parí ní 2022, ronú sí i: àwọn olùwádìí Áfíríkà tó kó dátà jọ ní àsìkò tiwọn láti kọ́kọ́ tẹ iṣẹ́ wọn jáde, ìgbìmọ̀ kan sì ń yẹ ìbéèrè ẹni tó bá fẹ́ lò ó wò. Èmi fara mọ́ irú ètò bẹ́ẹ̀ ju ẹni tó ń pariwo pé kí gbogbo nǹkan wà ní ṣíṣí lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n àsìkò ni wọ́n fún wọn, wọn ò sọ pé kí wọ́n tì í mọ́nú dúróà títí ayé.

Ìgbà mìíràn wà tí dídúró fún àsìkò kò ṣeé ṣe rárá. Lọ́jọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020, wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kòrónà ti wọ Nàìjíríà, lára ọmọ Ítálì kan tó gba Èkó wọlé. Àpẹẹrẹ kòkòrò náà dé ilé ìwádìí ACEGID tí Christian Happi ń darí ní Yunifásítì Redeemer's, Ẹdẹ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n ti ka àbùdá rẹ̀ tán, wọ́n sì ti gbé e síta fún gbogbo ayé, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láti ilẹ̀ Áfíríkà. Lẹ́yìn náà la wá rí apá kejì ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, àwọn onímọ̀ South Africa àti Botswana sọ fún ayé ní kíá pé àwọn ti rí ẹ̀yà kòrónà tuntun, èyí tí wọ́n wá pè ní Omicron. Ọpẹ́ tí wọ́n gbà ni pé àwọn orílẹ̀-èdè ńláńlá ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, nígbà tó sì di ọjọ́ 6 oṣù kejìlá, Ìlú Ọba ti fi Nàìjíríà náà sínú ìwé pupa rẹ̀. Àwọn aládùúgbò mi tí wọ́n ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọdún Kérésì mọ bó ṣe dùn wọ́n tó. Ẹni tó bá ń sọ fún Áfíríkà pé kó máa ṣí dátà rẹ̀, kó rántí ọjọ́ yẹn kó tó bẹ̀rẹ̀ ìwàásù.

Síbẹ̀, kò sí ibi tí mo ti rí i pé fífi dátà pamọ́ ṣe ẹnikẹ́ni lóore ní Kosofe. Ẹ wo ọ̀rọ̀ omíyalé. Odò Ògùn ń sàn kọjá lẹ́yìnkùlé wa, láti Ìṣẹ́rí bọ̀ wá sí Ajégúnlẹ̀, Owódé Onírin àti Àgbóyì, kó tó wọnú ọ̀sà. Ìsédò Ọyán, tí wọ́n ṣí ní 1983, tó lè gba omi 270 mílíọ̀nù kúbíìkì mítà, wà lókè lọ́hùn-ún ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, bí wọ́n bá sì tú omi rẹ̀ sílẹ̀ lásìkò òjò, ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, omi lé ọ̀pọ̀ èèyàn kúrò nílé ní Ajégúnlẹ̀. Iye omi tí wọ́n ń tú sílẹ̀ wà lọ́wọ́ àjọ tó ń bójú tó odò Ògùn àti Ọ̀ṣun. Iye òjò wà lọ́wọ́ NiMet, àjọ tó ń wo ojú ọjọ́. Àsọtẹ́lẹ̀ omíyalé ọdọọdún wà lọ́wọ́ NIHSA, àjọ tó ń wo omi odò. Ibi tí omi ga dé nínú yàrá èèyàn wà lára ògiri ní Ajégúnlẹ̀, ìlà aláwọ̀ ilẹ̀ tí ọ̀dà kò bò dáadáa. Mo ti bá akẹ́kọ̀ọ́ kan tẹ irú rẹ̀ rí: ó fi téèpù wọn ìlà náà láti ojúlé dé ojúlé, ó bi àwọn onílé ní ọjọ́ tí omi dé àti ọjọ́ tó lọ. Iṣẹ́ tó dára gan-an ni. Bí ẹnì kan bá lè gbé e ka ẹ̀gbẹ́ iye omi tí wọ́n tú sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, a lè mọ iye ọjọ́ tí a ní láti kó ẹrù nígbà tí wọ́n bá tún ṣí ìsédò. Iṣẹ́ náà wà nínú ìwé aláwọ líle kan ní ilé ìkàwé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀, ojú ìwé sì ni nọ́ńbà wà, kò ṣeé dà sínú ohunkóhun.

Ọ̀pọ̀ yunifásítì wa ti ní àká orí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, Ìbàdàn ní, Èkó ní, Covenant ní. Èyí tí mo ti ń rí nínú wọn jù ni ìwé àṣekágbá àti àpilẹ̀kọ tí wọ́n yà ní PDF. Táábù inú rẹ̀ dà bí àwòrán, ojú lè rí i, ọwọ́ ò lè tó o. Ó sàn ju kò sí lọ. Àmọ́ ẹni tó bá ní dátà gan-an láti gbé kalẹ̀ kò ní láti dúró de yunifásítì rẹ̀. Zenodo wà, èyí tí CERN ní Geneva dá sílẹ̀ ní 2013, tí wọ́n fi orúkọ olùtọ́jú ìwé àkọ́kọ́ ní Alexandria àtijọ́ sọ. Ọ̀fẹ́ ni. Ó ń gba fáìlì láti ọwọ́ olùwádìí níbikíbi láyé, títí dé 50 gígábáìtì, ó sì ń fún un ní nọ́ńbà DOI tí yóò máa tọ́ka sí i títí. Èèyàn lè ní kó di ọdún tó ń bọ̀ kí wọ́n tó ṣí i. Owó dátà fóònù tí wọ́n máa fi gbé e sókè ni wàhálà tó kù, fáìlì ìwádìí Mile 12 kan kì í sì í tó fídíò kan tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp.

Gbígbé e síbẹ̀ náà kò tíì tó. Ìkànnì HapMap tí gbogbo ayé ń wọ̀ nígbà kan, àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tì í ní oṣù kẹfà ọdún 2016. Dátà àwọn 90 ará Ìbàdàn kò ṣègbé, torí pé iṣẹ́ mìíràn tó tóbi jù ú lọ, 1000 Genomes, ti gba ọ̀pọ̀ wọn mọ́ra, àwọn èèyàn sì wà tó ń gba owó oṣù láti máa ṣọ́ ọ. Báwo ló ṣe máa rí ká ní kò sí wọn? Ẹni tó ń ṣọ́ àká ló ṣọ̀wọ́n, kì í ṣe àká. Ìjọba wa á ra kọ̀ǹpútà, wọ́n á gé ríbọ́nnì, fọ́tò á jáde nínú ìwé ìròyìn, wọn ò sì ní gba ẹni tí yóò máa wo kọ̀ǹpútà náà lójoojúmọ́.

Ohun tí kò yẹ kó wọ àká gbangba náà wà. Nínú àwọn fáìlì tó wà lọ́wọ́ mi, mo rí èyí tó ní orúkọ àwọn ìyá ọlọ́jà, nọ́ńbà fóònù wọn, iye tí wọ́n jẹ ní gbèsè àti ẹni tí wọ́n jẹ ẹ́ fún. Akẹ́kọ̀ọ́ náà kò ní èrò búburú, ó kàn rò pé bí orúkọ bá wà níbẹ̀ ọ̀gá rẹ̀ á gbà pé òun lọ sọ́jà lóòótọ́ ni. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 ni a ti ní òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa ẹni kọ̀ọ̀kan ní Nàìjíríà, kí òfin tó dé sì ni ìtìjú ti yẹ kó wà. Orúkọ á jáde, nọ́ńbà fóònù á jáde, nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù pàápàá á jáde, nítorí pé ní Mile 12, bí o bá sọ ìlà tí èèyàn wà àti ohun tó ń tà, o ti dárúkọ rẹ̀. Irú fáìlì bẹ́ẹ̀, n kì í gbé e fún ẹnikẹ́ni. Àwọn tó kù, tí kò ní àṣírí kankan nínú, èmi kọ́ ni mo ni wọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò sọ pé kí wọ́n ṣí i, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í gbé fóònù.

Nítorí náà ni mo ṣe yí bí mo ṣe ń gba iṣẹ́ padà. Ẹni tó bá gbé ìwádìí wá báyìí, kí n tó tẹ nọ́ńbà kan, màá ní kó kọ ìwé kan fún mi ní èdè tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn: apẹ̀rẹ̀ wo, kóńgò wo, wákàtí wo, ìlà wo, ta ló kọ̀ tí kò dáhùn. Màá bi í bóyá ó gbà kí a gbé e sórí Zenodo ní orúkọ rẹ̀, lẹ́yìn tí a bá ti yọ orúkọ àwọn ẹlòmíràn kúrò. Àwọn kan gbà. Àwọn kan ní ọ̀gá àwọn kò ní gbà. Àwọn kan rò pé mo fẹ́ fi kún owó iṣẹ́ ni.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ní páálí ìwé ìbéèrè lábẹ́ tábìlì yín, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó fẹ̀yìn tì, ẹ fi ọmọ iṣẹ́ kan tì í kó tẹ̀ ẹ́, kí ẹ̀yin fúnra yín kọ àlàyé tó wà lórí yín, torí pé kò sẹ́lòmíràn tó mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin ìyá wa ní Mile 12, bí ọmọ kan bá tún gbé ìwé ìbéèrè dé iwájú àtẹ yín, ẹ má lé e. Ẹ bi í léèrè ibi tí àwọn ìdáhùn ọdún tó kọjá wà, àti ibi tí tòní máa wà tí ọmọ tiyín náà fi lè lọ wò ó. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ ní kó lọ wádìí ìyẹn ná, kó tó padà wá béèrè iye tòmátì.